Ẹ̀rọ Tó Ń Fọ Àwo Orin: Òótọ́ Ni Tàbí Ẹ̀tàn?

   Láàrin oṣù kan, lẹ́tà mẹ́ta ló wọlé tọ̀ mí wá lórí ọ̀rọ̀ kan náà, méjì láti Bàrígà, ọ̀kan láti Ṣómólú. Ọ̀rọ̀ àwo orin àtijọ́ ni. Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn. Ó bi mí bóyá òótọ́ ni pé ẹ̀rọ kan wà tó ń fi omi àti ìró fọ àwo láìjẹ́ pé ọwọ́ kàn án. Ẹnì kejì, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ní òun ti ra ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n àwo mẹ́ta ló ti ká kò mọ́ òun lọ́wọ́ bí ewé tí iná rà. Ọ̀rọ̀ ẹnì kẹta ló ká mi lára jù, n óò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìpẹ́.

Òótọ́ ni o. Ẹ̀rọ náà wà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń ṣe nínú omi yẹn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ohun tí owó kò lè rà padà jẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á lọ díẹ̀díẹ̀.

Kí á tó sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, kí á mọ ohun tí a fẹ́ fọ̀. Àwo ńlá tí púpọ̀ nínú wa bá nílé baba wa, èyí tó ń yí ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan, rọ́bà ni. Ilé iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà ló gbé irú rẹ̀ jáde ní 1948. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, RCA Victor gbé kékeré jáde, èyí tó ń yí ìgbà 45. Rọ́bà inú rẹ̀ kò jìnnà sí èyí tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi tó wọ ilé yín. Ẹ wo ojú kan àwo náà dáadáa: ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ọgọ́rọ̀ọ̀rún bí ojú ti ń tan wá jẹ. Ìlà kan náà ló bẹ̀rẹ̀ létí, tó ń ká wọlé, tó ń ká wọlé, títí tó fi dé ìdí bébà àárín. Bí ó bá ṣeé tú kalẹ̀ bí okùn, gígùn rẹ̀ á tó nǹkan bí ìdajì kìlómítà. Fífẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Kò ju fọ́nrán irun orí lọ. Ara ògiri ìlà tóóró yìí, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ni wọ́n gbẹ́ ohùn olórin, ìlù àti gìtá sí.

Ẹ wá rò ó wò, kí ni kò lè há sínú kòtò tó kéré tó bẹ́ẹ̀? Eruku ọyẹ́ ń bẹ níbẹ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ń bẹ níbẹ̀. Ọ̀rá ìka ọwọ́ gbogbo ẹni tó ti di àwo náà mú láti ìgbà ìgbéyàwó ìyá yín títí di òní, ó ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá sì ń gbé ní Ìlàjẹ Bàrígà, létí ọ̀sà, kò nílò kí n ṣàlàyé ọ̀rinrin fún un. Ohun funfun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bá bu, òun náà ló ń hù lára àwo tí wọ́n tò sínú páálí sábẹ́ àtẹ̀gùn. Bí ẹ bá gbé irú àwo bẹ́ẹ̀ sórí gírámafóònù, abẹ́rẹ́ á máa ti iyanrìn wẹ́wẹ́ níwájú bí ẹni ń fi búlúdósà ro ọ̀nà, á sì máa ha ògiri méjèèjì bó ti ń lọ. Ariwo tí ẹ ń gbọ́, tó dà bí epo tó ń ta nínú ìkòkò àkàrà, apá kan rẹ̀ ìdọ̀tí ni, apá kan ọgbẹ́ ni. Ẹ̀rọ lè mú ìdọ̀tí kúrò. Kò sí ẹ̀rọ tó lè wo ọgbẹ́ sàn. Ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹnikẹ́ni má baà gba owó yín lórí irọ́.

Báwo wá ni ìró ṣe ń fọ nǹkan? Àwọn Faransé ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ní 1880, Pierre Curie àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Jacques rí i pé bí a bá tẹ àwọn òkúta dídán kan, iná mànàmáná á yọ lára wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé bí a bá fi iná sí irú òkúta bẹ́ẹ̀ lára, òun náà á gbọ̀n. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ní 1917, Faransé mìíràn, Paul Langevin, lo irú òkúta yìí láti rán ìró sínú òkun kó lè mọ ibi tí ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì sá pamọ́ sí. Inú ìmọ̀ ogun yìí ni ẹ̀rọ ìfọǹkan ti jáde.

Ìró tí etí ènìyàn lè gbọ́ kò kọjá èyí tó ń gbọ̀n ní ìgbà 20,000 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà jù lọ́jà ń gbọ̀n ní ìgbà 40,000. Ajá yín lè gbọ́ ọ, ẹ̀yin kò ní gbọ́ ju híhó tí omi ń hó lọ. Bí omi bá gbọ̀n tó báyìí, ihò wẹ́wẹ́ á máa là nínú rẹ̀, kí á tó ṣẹ́jú wọ́n á ti wó lu ara wọn. Wíwó yẹn ló ń ṣe iṣẹ́. Ó dà bí ẹni pé ẹgbẹ̀ẹ̀gbẹ̀rún àtẹ́lẹwọ́ tí ojú kò rí ń gbá ìdọ̀tí jáde láti ìsàlẹ̀ kòtò, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé láéláé.

Ẹ má rò pé nǹkan àjèjì ni. Àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń fi irú rẹ̀ fọ òrùka, àwọn oníṣègùn eyín ń fi fọ irin iṣẹ́, àwọn tó ń tún fóònù ṣe sì ń fi fọ inú fóònù tó bá já sómi. Ṣùgbọ́n ti àwọn onífóònù kò tóbi ju abọ́ ọbẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwo orin ńlá jẹ́ ínǹṣì 12 láti etí dé etí. Èyí tó yẹ fún àwo ni èyí tó gba omi bíi lítà mẹ́fà, tó ní ọ̀pá kan lókè tí a ń fi àwo kọ́, àti mọ́tò kékeré tó ń yí ọ̀pá náà jẹ́jẹ́. Apá ìsàlẹ̀ àwo nìkan ló ń wọ inú omi. Bó ti ń yí ni gbogbo ojú rẹ̀ ń kàn án. Bébà àárín kò gbọdọ̀ rí omi rárá, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi rọ́bà roboto méjì há a mọ́ àárín.

Àwọn òyìnbó ní oríṣi tó ga ju èyí lọ. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń ṣe ní orílẹ̀-èdè Estonia, Degritter lorúkọ rẹ̀, tó ń gbọ̀n ní ìgbà 120,000, tó ń fọ̀ tó sì ń gbẹ àwo fúnra rẹ̀. Owó rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là lọ. Kì í ṣe owó olùkọ́! Ti lásán tó gba lítà mẹ́fà kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ rárá, ìdí nìyẹn tí mo fi ń gba àwọn ọ̀rẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà níyànjú pé kí wọ́n dá èésú, kí wọ́n jọ ra ẹyọ kan, kí ó máa yí ilé ká. Àwo ogójì tó wà nílé ẹnì kan, ìparí ọ̀sẹ̀ méjì ti tó láti fọ gbogbo rẹ̀. Kí ni ẹ fẹ́ fi ẹ̀rọ náà ṣe lẹ́yìn ìyẹn?

Bí ẹ bá ti gbé e délé, ẹ dán an wò kí ẹ tó gbà pé ó pé. Ẹ gé àlùmíńíọ́mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn olóúnjẹ fi ń wé ẹran, ẹ fi okùn so ó rọ̀ sínú omi rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ó má kan ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, tí ẹ rí i pé ihò wẹ́wẹ́ ti dá a lu tàbí pé ojú rẹ̀ ti rí págunpàgun, ẹ̀rọ yín ń ṣiṣẹ́. Bó bá ń dán bí ẹ ti gé e, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín. Ẹ má sì tan án láìsí omi nínú rẹ̀ láé, kíá ló máa jóná.

Ọ̀rọ̀ omi ló kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀. Omi bọ́họ́ọ̀lù wa ní àdúgbò yìí, ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ ọ́n: ẹ wo àwọ̀ tó ń fi sára garawa. Irin inú omi ni. Bí irú omi bẹ́ẹ̀ bá gbẹ sínú ìlà àwo, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ní bá a gbẹ, ibẹ̀ ni yóò jókòó sí, ẹ óò sì tún fi ìdọ̀tí tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Píọ̀ wọ́tà dára fún òùngbẹ, ṣùgbọ́n iyọ̀ ilẹ̀ kò tán nínú tirẹ̀ náà. Omi tí ẹ óò wá ni èyí tí wọ́n ti sè tí wọ́n sì gba ooru rẹ̀ padà di omi, tí àwọn oníbátìrì mọ́tò ń pè ní distilled water. Ẹ là á mọ́ ẹni tó ń tà á lójú pé omi ni ẹ fẹ́, kì í ṣe áásìdì, nítorí àwọn méjèèjì lè wà nínú kẹ́ẹ̀gì tó jọra lórí àtẹ kan náà. Ìkán ọṣẹ olómi tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ti tó fún gbogbo omi náà. Ọṣẹ lúbúlúbú tí a fi ń fọ aṣọ kò yẹ.

Kí àwo tó wọ ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ fi omi mímọ́ àti aṣọ tó rọ̀ mú ìdọ̀tí tí ojú rí kúrò. Ẹni tó bá ju àwo tó kún fún eruku sínú ẹ̀rọ, omi ẹrẹ̀ ló fi ń wẹ àwo tó kàn. Bí ẹ bá ti fi kọ́, kí ó máa yí jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò sí èrè nínú kí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi omi distilled mìíràn tí kò ní ọṣẹ ṣàn án, ẹ fi í sóòró bí abọ́ tí a gbé sórí àgbékà, níbi tí atẹ́gùn wà tí eruku kò sí. Ẹ má sá a sóòrùn! Mo mọ̀ pé bí a ti ń sá gbogbo nǹkan nílẹ̀ wa nìyẹn, láti orí èlùbọ́ títí dé orí ìrọ̀rí, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán Èkó kò ní fún àwo yín ní wákàtí kan kó tó sọ ọ́ di àkèrègbè.

Èyí ló mú mi dé ọ̀dọ̀ bàbá olùkọ́ tí àwo mẹ́ta ká kò mọ́ lọ́wọ́. Mo lọ kí wọn nílé wọn ní Bàrígà. Wọ́n ti tẹ̀ lé ìwé tó bá ẹ̀rọ wá, ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò sí níbẹ̀. Ìwé náà ní kí wọ́n tan ooru omi. Ẹni tó kọ ọ́ kò ronú nípa àwo orin, ó jọ pé irin mọ́tò ló wà lọ́kàn rẹ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sì lè gbóná dé 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àwo orin kò fẹ́ ju 35 lọ. Bó bá ń sún mọ́ 50, rọ́bà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí àwọn òyìnbó tó ń kọ ìtọ́ni kì í rántí: ní ìlú òtútù, omi ẹ̀rọ wọn tutù bíi yìnyín, wọ́n nílò kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Níbí, omi tó wà nínú díráàmù wa lọ́sàn-án ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30 kí ẹnikẹ́ni tó tan nǹkan kan. Gbígbọ̀n ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tún ń fi ooru kún un. Nítorí náà, ẹ má tan bọ́tìnì ooru rárá. Bí ẹ bá ti fọ̀ tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ pa ẹ̀rọ, kí omi sinmi. Ẹ ra òṣùwọ̀n ooru kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Bàbá náà bi mí nípa sípíríìtì, nítorí wọ́n rí i níbì kan pé àwọn òyìnbó ń dà á mọ́ omi. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Èmi kò fara mọ́ ọn nínú ilé wa. Sípíríìtì tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń gbé afẹ́fẹ́ tó lè gbiná jáde, ẹ̀rọ iná mànàmáná ló wà lábẹ́ rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ sì wà lẹ́yìn fèrèsé. Kí ni a ń wá? Ọṣẹ díẹ̀ yẹn ti tó.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ ẹnì kẹta. Ìyá aláṣọ kan ni ní Ṣómólú. Òǹtẹ̀wé ni bàbá wọn, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tẹ káàdì ìnáwó àti pátákó eré nígbà tí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti gba gbogbo àdúgbò náà kan. Ẹgbẹ́ alápàlà kan tí òkìkí rẹ̀ kò kọjá agbègbè yìí máa ń tẹ pátákó lọ́dọ̀ wọn, wọn kì í sì í rówó san lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà ṣe àwo ní ọdún 1970 ó lé díẹ̀, wọ́n fi orúkọ bàbá san gbèsè: wọ́n kì wọ́n, wọ́n dárúkọ ìyá wọn, wọ́n dárúkọ ìlú tí wọ́n ti wá. Bàbá ti di olóògbé. Òṣèré náà ti lọ. Àwo kan ṣoṣo ló kù nílé, ó wà nínú páálí pẹ̀lú àwọn mìíràn, omi òjò sì ti wọ páálí náà lẹ́ẹ̀mejì. Àbúrò ìyá náà fẹ́ ta gbogbo páálí fún ọkùnrin kan tó ń gun ọ̀kadà kiri ra àwo.

Àbúrò ní, "Àǹtí mi, kí la fẹ́ fi wọ́n ṣe? Gírámafóònù kò sí nílé. Wọ́n ti bu."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Orúkọ bàbá wa ń bẹ nínú rẹ̀. Ìwọ lo máa sọ fún àwọn ọmọ rẹ bí wọ́n ti ń ki bàbá?"

Àbúrò kò dáhùn, nítorí kò mọ oríkì náà. Ẹ̀gbọ́n pàápàá kò mọ̀ ọ́n tán.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn olórin wa kì í kọrin sófo. Nígbà tí Haruna Ishola ṣe àwo Oroki Social Club ní 1971, ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ kan ní Òṣogbo ló fi orin náà yẹ́ sí. Láti Èkó dé Ìbàdàn, dé Abẹ́òkúta, dé Ìjẹ̀bú, àwọn oníṣòwò, awakọ̀, agbálájá àti ọba wà nínú àwo àpàlà, sákárà àti jùjú, pẹ̀lú orúkọ ìyá àti bàbá wọn. Orúkọ olówó ńlá lè wà nínú ìwé ìròyìn. Ti òǹtẹ̀wé Ṣómólú, inú àwo nìkan ló wà.

Mo wí fún ìyá náà pé bàbá olùkọ́ kan wà ní Bàrígà tó ní ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àwo mẹ́ta ti ká kò lọ́wọ́ bàbá náà, wọ́n dì mọ́ àpò wọn. Wọ́n ní, "Bùọ̀dá, ẹyọ kan péré ni mo ní o." Ẹ̀tọ́ wọn ni. Ohun tí a ṣe ni pé a wá àwo àlòkù kan tí kò ní ìtumọ̀ sí ẹnikẹ́ni, a pa bọ́tìnì ooru, a fi òun ṣe àkọ́kọ́. Ó jáde dúdú, ó ń dán, kò tẹ̀, kò wọ́. Bàbá olùkọ́ gbé e sójú ìyá náà kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó tú àpò. Ẹ̀yin náà tó bá ní ohun tí kò ní èkejì, ẹ má fi òun bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣe bí ìyá yìí ti ṣe.

Ìgbà méjì la fọ tiwọn, nítorí ohun tó hù sí i lára pọ̀. Omi ìgbà àkọ́kọ́ dà bí omi tí a fi ṣan ìkòkò àmàlà. Nígbà tó gbẹ tí a gbé e sórí gírámafóònù, ariwo kò tán. Ibì kan wà lápá kejì tí nǹkan ti ha á, abẹ́rẹ́ sì ń fò níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀rọ kò lè ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n oríkì bàbá wà lápá kìíní, ó sì jáde ketekete: orúkọ, ìlú, ìyá tó bí wọn. Ìyá aláṣọ ní kí wọ́n dá a padà. Wọ́n dá a padà. Wọ́n tún ní kí wọ́n dá a padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá olùkọ́ gbé apá gírámafóònù sókè, wọ́n ní àwọn kò tún ní fi abẹ́rẹ́ kàn án mọ́ àfi bí a bá gbà á sílẹ̀ sínú fóònù. Òótọ́ ni wọ́n sọ, nítorí gbogbo ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá kọjá ló ń jẹ díẹ̀ níbẹ̀. A fi wáyà so gírámafóònù mọ́ kọ̀ǹpútà ọmọ wọn, a gbà á. Kí alẹ́ tó lẹ́, oríkì náà ti dé ọwọ́ àbúrò lórí fóònù.

Àbúrò kò tíì gbà pé kí wọ́n má ta ìyókù. Èmi kò bá a jà. Kò sí èèwọ̀ nínú kí ènìyàn ta àwo, bí ó bá ti mọ ohun tó ń tà. Àwọn òyìnbó ń wá orin wa kiri. Ní 2007, ilé iṣẹ́ Soundway ní ìlú òyìnbó kó àwọn orin àtijọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà jọ sínú àwo kan tí wọ́n pè ní Nigeria Special, àwọn ènìyàn sì rà á káàkiri ayé. Ẹni tó ń fi ọ̀kadà ra páálí lódidi ní iye owó tí kò tó ti ìgò òróró, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ẹ fọ àwo yín kí ẹ tó tà á, ẹ gbọ́ ọ, ẹ mọ orúkọ tó wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ dá iye.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àwo kékeré tó wúwo, tó máa ń fọ́ bí àwo tánganran, tó ń yí ìgbà 78, ẹ dúró ná o. Èyí kì í ṣe rọ́bà. Oje tí kòkòrò kan ń pọ̀ sára igi ní Íńdíà ni wọ́n fi ṣe é, shellac lorúkọ rẹ̀, òun kan náà ni káfíńtà ń fi sípíríìtì yọ́ láti fi kun àga kó lè máa dán. Ẹ ti rí i báyìí: bí sípíríìtì bá kan àwo 78, yóò yọ́ bí oje káfíńtà ti ń yọ́, gbogbo orin inú rẹ̀ á di ọ̀dà. Ẹ má sì gbé e sínú ẹ̀rọ, nítorí kò fẹ́ kí omi pẹ́ lára rẹ̀, bó bá sì ti ní ibi tó là, gbígbọ̀n yẹn lè parí iṣẹ́ fún un. Omi mímọ́ díẹ̀, aṣọ tó rọ̀, ẹ nù ún tẹ̀ lé ìlà rẹ̀, ẹ gbẹ ẹ́ kíákíá. Olùkọ́ ìtàn tó kọ̀wé sí mi, irú èyí ni ẹ ní kí ẹ máa wá fún kíláàsì yín. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, kọ orin Yorùbá sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, ohùn àlùfáà náà ṣì ń bẹ, nítorí pé àwọn kan pa àwo mọ́.

Ohun kan ló kù. Àwo tí a ti fọ̀ mọ́ kò gbọdọ̀ padà sínú bébà tó ti bu, ibẹ̀ ni àrùn náà wà. Ní Ṣómólú, a ní òǹtẹ̀wé ju iye tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ, àwọn tó lè gé bébà sí ínǹṣì 12 kí ẹ tó parí ìgò mínírà kan. Kí ẹ má gba bébà ìwé ìròyìn, ó ń yí padà di pupa, ó sì ń ha ojú àwo. Ẹ béèrè bébà funfun tó dán, tàbí èyí tí a fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò nínú. Ẹ tò wọ́n lóòró bí ìwé, kí ẹ má gbé ọ̀kan lé ọ̀kan, kí wọ́n jìnnà sí fèrèsé àti sí ilẹ̀. Ìyá aláṣọ ti ní kí òǹtẹ̀wé kan gé ogún sílẹ̀ fún wọn. Bàbá olùkọ́ ní kí àwọn tó bá fẹ́ dá èésú omi distilled àti bébà kọ̀wé sí mi, n óò fi lẹ́tà yín jíṣẹ́ fún wọn.